Igbá Tí Látúnjí Fi Ń Ríran

Ẹ ti gbọ́ ọ títí, ẹ̀yin náà sì ti pa á fún ẹlòmíràn: onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́ kí ayé tó bá a fi kólẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, kí ẹ rò ó wò. Ta ni orí rẹ̀ pé, tí yóò mú igbá tó dá ṣáṣá, tí kò sán, tí kò jò, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní àkúfọ́? Èmi náà rò pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn Àwẹ̀ró, ìyàwó Látúnjí, ní Ìsàlẹ̀-Ìyeyè. Orí rẹ̀ pé dáadáa. Ọmọlúàbí ni, ìyẹn gan-an ló sì kó bá a.

Látúnjí ọkọ rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, ó kọjú sí ògiri. Kò jà, kò sunkún. Ó kàn ń jẹun díẹ̀díẹ̀ ni, oúnjẹ náà sì ń dín kù lójoojúmọ́. Àwẹ̀ró ń wò ó bí ó ti ń rù, ẹ̀rù sì ń bà á pé ọkùnrin náà fẹ́ rọra kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kan, bí Àwẹ̀ró ti ti odò dé, ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Kí lo rí lọ́nà?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá Oyè."

Látúnjí mí kanlẹ̀. "Ìwọ tí ojú rẹ là kò rí nǹkan kan. Kí ni kí èmi wá sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ ló ti ń tọ ọ̀nà odò yẹn, kò sì lè ka ohun kan tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ó rí agẹmọ kan tó ń sọdá ọ̀nà, tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tí kò tètè mọ ibi tí yóò gbé e sí. Inú rẹ̀ dùn, ó yára wálé. Àmọ́ Àwẹ̀ró kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo rí agẹmọ," ọ̀rọ̀ sì tán. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé agẹmọ náà kò dé ibẹ̀.

Ló bá mú igbá ńlá kan tí wọ́n ti là sí méjì, tó sì ti gbẹ láti ọdún tó kọjá, ó mú ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gé ilá, ó fín agẹmọ náà sí ẹ̀yìn igbá tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé sókè. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé igbá náà.

Ìka Látúnjí lọ, ó bọ̀. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ tó wà lókè, ó rẹ́rìn-ín. "Kò tíì mọ ibi tí yóò gbé e sí," ni ó wí. Ó sì béèrè oúnjẹ.

Láti ọjọ́ náà, bí Àwẹ̀ró bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó gbé ìkòkò kaná, yóò kọ́kọ́ jókòó ti igbá. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí lọ́jọ́ náà ni yóò fín: ìgbín lára ògiri, obìnrin méjì tí wọ́n ń du ibi tí wọn yóò ti pọnmi, ọ̀pẹ tí ẹ̀gà ti ya gbogbo imọ̀ rẹ̀ tán. Iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Adìyẹ tó kọ́kọ́ fín, Látúnjí fọwọ́ pa á títí, ó ní ṣé ìsáasùn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ìkòkò tó dórí iná. Bí ọ̀bẹ bá ti wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ọkàn rẹ̀ a rọlẹ̀. A ro ọjọ́ náà wò láti òwúrọ̀, a sì dúpẹ́ nítorí ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó tó ọpẹ́ dá. Látúnjí ń sanra bọ̀. Igbá sì ń kún.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: ojú ń ti Àwẹ̀ró. Ó ní kí wọ́n má lọ sọ pé arúgbó ń fi igbá ṣeré bí ọmọdé. Nígbà tí Ìyá Ládépé, àgbà obìnrin tó wà ní ilé kejì, yà wá ní ọ̀sán kan, tó rí igbá náà, tó ní, "Àwẹ̀ró, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mà dára o," ó yára dá a lóhùn pé, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, mà. Igbá àkúfọ́ kan ni mo fi ń ṣeré." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbogbo wa: bí wọ́n bá yìn ọ́, rẹ ara rẹ sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni àlejò yin igbá náà, ìgbà mẹ́ta ni Àwẹ̀ró pè é ní àkúfọ́. Látúnjí kò gbọ́ ọ̀kankan, nítorí ìdí igi ìyeyè ni í máa ń jókòó lọ́sàn-án. Àrinpé, ìyàwó tí Oyè ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé, ló gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ti lọ sóko, Látúnjí ti wà nídìí ìyeyè, Àrinpé ń gbálẹ̀. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ ilé ni. Ó gbá iyàrá, ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó kó eérú àti èédú ìdí ààrò. Nígbà tó wá àkúfọ́ tí wọ́n fi ń kólẹ̀, ó ti run tán. Ó rántí pé àkúfọ́ mìíràn wà lẹ́bàá ẹní Bàbá. Ìyá ọkọ òun ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ta wá ni òun láti jiyàn? Ó fi kólẹ̀, ó sì jù ú sí ààtàn pẹ̀lú pàǹtí tó wà nínú rẹ̀.

Àwẹ̀ró dé ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó rí ọ̀pẹ ọjọ́sí tí ẹ̀gà ya, tí ó ti rò pé ó ti kú, tó yọ imọ̀ tuntun kan ṣoṣo. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń rò bí òun yóò ṣe fín in. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀bá ẹní, kò kan nǹkan kan.

"Ìyàwó, igbá ibí yìí dà?"

"Igbá wo, mà?" Àrinpé ronú díẹ̀. "Àbí àkúfọ́ yẹn? Mo ti fi kólẹ̀, mà. Ó wà ní ààtàn."

Oṣù mẹ́sàn-án ló wà lára igbá náà, gbogbo ohun tí Látúnjí rí láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Àwẹ̀ró la ẹnu láti bú ọmọ náà. Látúnjí ló dá a dúró láti orí ẹní.

"Ta ló kọ́ ìyàwó pé àkúfọ́ ni?"

Àrinpé kúnlẹ̀. Àwẹ̀ró gbé èébú náà mì. Ó ní, "Èmi ni."

Àwọn obìnrin méjèèjì sáré lọ sí ààtàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ewúrẹ́ kan ni wọ́n bá tó gbé ẹsẹ̀ lé igbá náà. Ó ti sán láti etí dé àárín, òjò wẹliwẹli ọ̀sán sì ti po eérú àti èédú mọ́ ọn lára. Àrinpé ń sunkún, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Bí ó ti ń nù ún, ara igbá ń mọ́, ṣùgbọ́n èédú tó wọ ojú ibi tí ọ̀bẹ ti fín kò kúrò. Ohun gbogbo tí Àwẹ̀ró ti fín dúró dúdú lórí igbá: agẹmọ, ìgbín, àwọn oníjà odò, àní adìyẹ tó jọ ìsáasùn. Àwẹ̀ró gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi fín in, kò rí i kedere báyìí rí. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Dìde, ìyàwó," ni ó wí. "O ṣeun."

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé, Látúnjí gbà á sórí itan, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kí agẹmọ, ó kí ìgbín. Nígbà tó kan ibi tó sán, ó dúró. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Èyí jẹ́ tuntun. Kí lo rí lónìí, Àwẹ̀ró?"

"Ẹnu mi ni, Bàbá Oyè."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ́. "Ìwọ onígbá lo pe igbá rẹ ní àkúfọ́. Ìyàwó kàn bá ọ fi kólẹ̀ ni." Ó dá igbá náà padà fún un. "Ó yá, fi ohun tí o rí gan-an hàn mí."

Àrinpé ló mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí odò, ibẹ̀ ló sì ti di òwe. Ní ti Àwẹ̀ró, ó fi okùn rán ojú ibi tó sán náà, ó sì ń fín ọnà rẹ̀ lọ. Nígbà tí Ìyá Ládépé tún yà wá, tó rí okùn lára igbá, ó ní, "Áà, àkúfọ́ rẹ ti wá fọ́ nítòótọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Àwẹ̀ró wí, "ojú Bàbá Oyè ni. Ẹ ṣeun tí ẹ máa ń yìn ín."

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún pè é ní àkúfọ́ mọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ìyeyè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà náà gan-an ni ó ti sán ní tòótọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì rántí Àwẹ̀ró: onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́ kí ayé tó bá a fi kólẹ̀.