Ẹyin Inú Adìyẹ Àwẹ̀ró

Ọyátóún, ìyá Ojéladé, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Gbogbo abà Eléèsún ló mọ̀ pé ó lawọ́, pé kì í sì í di ènìyàn sínú. Ẹnu rẹ̀ ni kò nílẹ̀kùn. Ohunkóhun tí kò bá ti mú èso wá, àgàn ló ń pè é. Igi obì ẹ̀yìnkùlé tó tanná tí kò so, àgàn ni. Ilẹ̀ etí odò tí iṣu rẹ̀ kò ju ọmọ odó lọ, àgàn ilẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, Àwẹ̀ró, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti lo ọdún méje nínú ilé náà láìfi ọwọ́ kan ọmọ tirẹ̀.

Ọyátóún fẹ́ràn ìyàwó yìí dénú. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ wú, Àwẹ̀ró ló ń pọ̀n ọ́n lọ wẹ̀ lódò. Nígbà tí àwọn ẹbí sì ní kí Ojéladé fẹ́ ẹlòmíràn, Ọyátóún ló fi ìgbálẹ̀ lé wọn jáde.

Lọ́jọ́ kan, Akínbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, wá kí àbúrò rẹ̀. A kì í fi ọbẹ̀ lásán ṣe àna lálejò. Àgbébọ̀ adìyẹ kan wà tí Àwẹ̀ró gbà wá láti ilé ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹyin rẹ̀. Ọyátóún nawọ́ sí i.

"Ìyàwó mi, mú àgàn yẹn pa fún àna wa. Kí ló tún kù tó ń ṣe nílé yìí ju kó máa jẹ àgbàdo wa lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Akínbọ̀dé kò rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró pa adìyẹ náà, ó fi omi gbígbóná tu ìyẹ́ rẹ̀, ó là á. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹyin kan wà nínú rẹ̀ tó ti ní èèpo, tó kù díẹ̀ kó yé e. Àwọn kéékèèké tò tẹ̀lé e bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó mú èyí tó ní èèpo, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbà. Ọmọ àgàn rèé."

Ọyátóún na ọwọ́ gbà á. Ẹyin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lulẹ̀, ó fọ́. Arúgbó náà kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kó o, ṣùgbọ́n iyanrìn ló ń kó.

"Àwẹ̀ró, adìyẹ ni mo ń bá wí! Mi ò bá ọ wí!"

"Mo mọ̀, Ìyá. Nígbà tí ẹ ń bá igi obì wí, mo mọ̀. Nígbà tí ẹ ń bá ilẹ̀ wí, mo mọ̀. Igi kò létí, ilẹ̀ kò létí. Èmi ni mo ń gbọ́ ọ."

Kí Ojéladé tó toko dé, Àwẹ̀ró ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọyátóún fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún rìn lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un lómi. Nígbà kẹta, Àwẹ̀ró bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́: "Ìyá, ẹyin ọjọ́ náà, ṣé ẹ ti rí i kó jọ?"

Ọyátóún dìde lórí àga. Òun nìkan ló padà sílé.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.