Ìdí Tí Àpótí Ẹja Òkun Fi Ní Ìkejì Lábẹ́ Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àpótí dígí tí a ń sin ẹja òkun sí ṣì ń dá gbé, atukọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Bàbá Ọmọ́jùwà. Àìsàn orúnkún dá a dúró sílé. Kò lè lọ sókun mọ́, ló bá bu òkun wálé. Ó da omi iyọ̀ sínú àpótí dígí ńlá, ó kó ẹja sí i, ó sì ń jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹnu ń yà á. Òkun tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ogójì ọdún ló wà lórí tábìlì yìí!

Abílà ni ọ̀gá inú àpótí náà. Ẹja tó lẹ́wà ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Koríko Òkun ń gbé ní igun kan pẹ̀lú àwọn ọmọ edé tí kò tó ẹyọ ìrẹsì. Koríko ń dàgbà, ó ń gun ara dígí.

"Ìwọ Koríko, o ti bò mí mọ́lẹ̀," ni Abílà wí. "Àwọn tó wá wò mí ò rí mi mọ́. Kó àwọn edé rẹ, kí o jáde!"

"Ẹ̀gbọ́n, ìdọ̀tí yín ni mò ń jẹ tí mo fi ń dàgbà."

"Ìdọ̀tí kẹ̀? Ta ló rí ìdọ̀tí lára mi rí?"

Ó ń já Koríko jẹ, ó ń lé àwọn edé kiri, títí Bàbá fi kó wọn kúrò. Ṣùgbọ́n atukọ̀ kì í da ohun tí òkun fún un nù. Ó fi wọ́n sínú àpótí dígí kékeré kan tó ní omi iyọ̀, lábẹ́ tábìlì.

Kò pé ọjọ́ méje tí omi àpótí òkè fi dàrú, tó ń rùn. Abílà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá sunkún bí ọmọdé. Bó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti nu ojú, ó rí omi abẹ́ tábìlì: ó mọ́ gaara, àwọn edé ń jó nínú rẹ̀!

"Bàbá," ni Koríko wí, "ẹ jẹ́ kí omi òkè máa ṣàn wá bá wa. A ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sì dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wá sínú òkùnkùn o. Bí ẹ bá pa iná òkè kí ẹja lè sùn, ẹ tan tiwa, kí a lè ṣiṣẹ́."

Bàbá mú ẹfun, ó ya iṣẹ́ náà sílẹ̀: dígí oníyàrá mẹ́ta. Páìpù yóò gbé omi òkè wá sínú èkínní, ìdọ̀tí yóò sì rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Koríko àti edé yóò gbé inú èkejì, lábẹ́ iná kékeré tiwọn. Ẹ̀rọ tí ń ti omi padà sókè wà nínú ẹ̀kẹta. Ó kan gbogbo rẹ̀ tán, ó bu omi kún un dé etí, ó tan ẹ̀rọ.

Àfi fìì, iná lọ! Ẹ̀rọ dákẹ́, ṣùgbọ́n omi òkè kò yé ṣàn wálẹ̀. Dígí abẹ́ kún, ó dà, ẹní Bàbá léfòó. Omi òkè ń fà, ẹ̀yìn Abílà sì ń hàn síta.

"Bàbá, ẹ gbà mí o!"

Bàbá fa ẹnu páìpù tó wà nínú àpótí òkè sókè kọjá ojú omi, omi dá. Ó wá fọwọ́ lérí. "Háà, èmi atukọ̀! Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ ọkọ̀ pé a kì í di ẹrù kún ọkọ̀ dé etí, nítorí ìgbì. Èmi náà ni mo gbàgbé nínú ilé ara mi!" Ó bu omi dígí abẹ́ dín kù, ó fi àyè sílẹ̀ fún omi tó bá dé lójijì.

Iná padà. Omi ń sọ̀, omi ń gòkè. Lọ́jọ́ kẹta, omi òkè mọ́ débi pé ó dà bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀ rárá. Abílà gbéra nílẹ̀. Ọmọ edé méjì bá omi gòkè, wọ́n wẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Ebi ń pa á, kò sì fẹnu kàn wọ́n. Ó lọ sí ẹnu páìpù, ó sọ sísàlẹ̀ pé: "Koríko, ẹ ṣeun o."

Ẹja tí kì í kí ẹnikẹ́ni! Bàbá gbọ́ ọ, ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àpótí ẹja òkun kò ti dá gbé mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ìkejì tí a kì í bu omi kún dé etí. Bí ẹja òkè bá sì ti sùn, ẹ ó rí iná kékeré tó ń tàn fún Koríko, òun tó ń fọ omi wọn.