Ìdọ̀bálẹ̀ Ọ̀jẹ́wálé

Ọ̀rọ̀ Olóyè Agbólúajé ti sú gbogbo Ìgbódùmí: ìjọba gbé owó ilé òṣìṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó kọ́ yàrá bí àgò adìẹ, ó tún ní ẹni tó bá lanu pé ilé náà kéré kò ní gba kọ́kọ́rọ́, àfi ẹni tó bá dúpẹ́ lójú Kábíyèsí àtàwọn aláṣẹ tó wá láti olú-ìlú. Ọ̀jẹ́wálé káfíńtà, tí òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin ti ń háyà yàrá kan láti ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Òjò ń rọ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, a kì í dúpẹ́ ilé lóòró. Ẹ jẹ́ kí n ti inú ilé dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wa." Inú Olóyè dùn, ó gbé agbòjò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀jẹ́wálé wọlé, ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri ẹ̀yìn, ó sì na gbalaja: orí àti àyà rẹ̀ yọ síta, òjò ń pa á níwájú bàtà Olóyè. Olóyè jágbe, "Ṣé o ya wèrè ni? Sún sẹ́yìn!" Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ti kan ògiri, bàbá. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ló ń dúpẹ́ ilé, orí mi ṣì ń wá tirẹ̀." Àwọn aláṣẹ wo ara wọn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí Olóyè fi owó ara rẹ̀ wó gbogbo yàrá náà, kó tún un kọ́. Títí dòní, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ọ̀jẹ́wálé pé ilé náà kéré.