Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ní kí wọ́n bẹ́ orí ọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹ gbé ẹ̀pà ẹnu yín mì ná, ìtàn kan ń bọ̀. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ tí àgbà ń wí pé, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́"? Mo máa ń rò ó pé òmùgọ̀ wo ló yẹ kí wọ́n sọ irú èyí fún? Ta ló ń fi idà wo orí fífọ́? Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdí-Àràbà.

Ọba ìlú náà ti ṣòfin pé ẹni tó bá jí iṣu lóko olóko, kíkú ni yóò kú. Bí ebi bá ń pa ọ́ lọ́nà, o lè hú iṣu, kí o sun ún níbẹ̀, kí o jẹ ẹ́. Gbígbé e relé ni olè. Iṣu méjì ni wọ́n ká mọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ́wándé lórí lẹ́bàá ilé rẹ̀, láti oko màmá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Wọ́n mú un dé ààfin. "Ṣé ìwọ lo jí i?" ọba bi í.

"Èmi ni, Kábíyèsí. Mo ti jẹ tèmi lóko. Àwọn ọmọ mi ni kò lè rìn débẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, orí ń fọ́ ọba bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́ nínú rẹ̀. Ó ti fi ọ̀já olorì di orí, adé kò tilẹ̀ jókòó dáadáa.

"Ó kúkú ti jẹ́wọ́. Tẹ̀tú, bẹ́ ẹ kíá, kí n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀!"

Tẹ̀tú yọ idà. Ṣùgbọ́n àṣà ibẹ̀ ni pé idà kò gbọdọ̀ sọ̀ títí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò fi wí pé, "Ó tẹ́ mi lọ́rùn." Gbogbo ojú bá yí sí Àwẹ̀ró.

Màmá náà tún gèlè rẹ̀ wé. "Kábíyèsí, kí ló ń ṣe orí yín?"

"Ó ń fọ́ mi, Àwẹ̀ró. Wí tìrẹ!"

"Hẹn-ẹ́n. Tẹ̀tú, ti Kábíyèsí ni kó o kọ́kọ́ bẹ́. Kò ní fọ́ wọn mọ́ láéláé."

Ariwo sọ. Ọ̀tún ọba fò dìde. "Arúgbó yìí, ṣé o ti mu ẹmu ni?"

"Ṣebí oògùn tẹ́ ẹ ní nìyẹn? Olè tẹ́ ẹ bẹ́ léṣìí ńkọ́, ṣé iṣu mi ò sọnù lọ́dún yìí?"

"Bí a bá fi í sílẹ̀, ọ̀la ni yóò jí ewúrẹ́ rẹ!"

"Ọ̀tún, mi ò ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Inú ń bí mi jù yín lọ, iṣu mi ni! Ṣùgbọ́n bí mo bá gé orí iṣu, tí mo rì í, á hù. Ti ọmọ èèyàn ńkọ́?"

Ọba fọwọ́ kan ọ̀já orí rẹ̀. Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, ó sì ń dì í mú, nítorí ẹ̀rín gan-an ń dùn ún lórí.

"Orí tó ń fọ́ mi yìí náà," ó ní, "òun ni mo fi ń dádé."

"Èyí tó ru iṣu mi náà," Àwẹ̀ró ní, "òun ni yóò máa ru ẹrù oko mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá ẹjọ́ náà. Ọba mu àgbo, ó sùn, orí fífọ́ náà sì lọ. Ọ̀jẹ́wándé kọ ebè fún Àwẹ̀ró títí abà rẹ̀ fi kún, ó sì ń gba iṣu tirẹ̀ relé lójú gbogbo ayé. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìyá tó bí bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, baba rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un. Baba yẹn, ọmọ tí Ọ̀jẹ́wándé bí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni. Ká ní Àwẹ̀ró wí lọ́jọ́ náà pé, "Ó tẹ́ mi lọ́rùn," èmi kọ́ lẹ̀ bá máa gbọ́ yìí.