Ẹyọ Kan Tó Kù Lábẹ́ Agbọ̀n

"Alfa, ẹ bá mi bá Àfúsátù sọ̀rọ̀. A máa tú òfì rẹ̀."

"Kí ló dé, Bàbá Àfúsá?"

"Láti ọdún tó kọjá tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ìka mẹ́ta ló ń hun lóòjọ́. Ìka mẹ́ta, Alfa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń hun ọ̀pá méjì."

"Ṣé ó ṣì máa ń jókòó sídìí òfì náà?"

"Lójoojúmọ́. Bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò."

"Ẹ̀yin náà ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ èyí."

Ọkùnrin kan wà tó ń sin àgbò de Iléyá. Àgbò mẹ́sàn-án ló ní. Ó gbin ewéko kan fún wọn, èyí tí ewé rẹ̀ máa ń pín sí mẹ́ta. Ọ̀dá dé. Oṣù mẹ́rin ni òjò kò fi rọ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi èrúkọ́ wọn igi ewéko náà, kò sì ga sí i. Nígbà tó yá, ewéko náà wọ́wé. Ó ṣẹ́ igi kan, ó gbẹ. Ó ní ó ti kú.

Ní ìlú yẹn, wọn kì í fi òkú ewéko sílẹ̀ de òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n á hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó bẹ alágbàṣe mẹ́ta lọ́wẹ̀.

Nígbà tó dé oko lọ́sàn-án, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe ń ráhùn. Ọ̀kan ní òkú tí òun mọ̀ kì í le tó báyìí. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan. Igi rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju apá ọkùnrin náà lọ, ó funfun, ó tutù lọ́wọ́. Ó mú òmíràn. Bákan náà. Ó jókòó sáàárín òkìtì ewéko tí wọ́n ti hú. Gbogbo oṣù mẹ́rin tó fi ń wọn òkè, ìsàlẹ̀ ni ewéko náà ń lọ.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, èyí tí àwọn alágbàṣe gbé agbọ̀n oúnjẹ wọn lé lórí. Kí oṣù tó parí, ó ti ga dé orúnkún. Àgbò mẹ́sàn-án dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń wò ó.

"Bàbá Àfúsá, ẹ̀yin lẹ di èrúkọ́ mú. Òkè lẹ ń wọ̀n. Ọmọ tí irú ọ̀dá yìí bá, tí kò kúrò nídìí òfì fún odidi ọdún kan, ẹ má pè é ní òkú. Ibi tó ń dàgbà sí, ojú yín ò tó o. Ẹ fi òfì náà sílẹ̀ fún un."

Bàbá Àfúsá ti dìde. Bàtà Alfa ló wọ̀, kò sì mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dé kó tó sọ̀rọ̀.

"Alfa, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti wà nídìí òfì náà láti àárọ̀."