Ta Ló Rán Awọ Ìyá Erin?

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó yìí, ṣé ohùn yín náà nìyẹn? Mo ní ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó gorí àpáta, ó yá oòrùn díẹ̀, ó bọ́ sódò gbùà, ó di ọwọ́ Alángbá àti Ìyá Erin.

Láyé ọjọ́un, Alángbá ni ọkùnrin tó lẹ́wà jù létí odò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Awọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára pẹ́kípẹ́kí, ọrùn rẹ̀ ń dán. Àpáta kan sì wà láàárín odò náà tí oòrùn kì í kúrò lórí rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ẹranko á dá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun, wọn á wọdò. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá bá a mu jù, òun ni wọn á kọrin sìn gorí àpáta. Òun ló ni ín títí ọdún á fi yí po. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Alángbá ti wà lórí àpáta yìí. Ó wá ń ṣe bí ẹni pé àpáta ni wọ́n bí i lé.

Nígbà náà, Ìyá Erin tóbi ju bó ṣe tóbi yìí lọ. Ó sanra débi pé orúnkún kò gbà á mọ́. Bó bá dìde, "Yéè!" Bó bá jókòó, "Yéè!" Ló bá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ẹsẹ̀ yìí ò ní í gbé mi dọ́jọ́ alẹ́ báyìí o." Ó dín oúnjẹ kù. Ó ń rìn láàárọ̀, ó ń rìn nírọ̀lẹ́. Ebi pa á o, ó fara dà á. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ọ̀rá ti lọ, orúnkún ti sinmi.

Àmọ́ ọ̀rá lọ, awọ ò bá a lọ. Ó rọ̀ dirodiro níkùn, ó rọ̀ dirodiro nítan, ó hunjọ lẹ́yìn, ó hunjọ níwájú.

Alángbá ló kọ́kọ́ rí i láti orí àpáta. "Ìyá Erin, ẹ kú ìrìn o! Aṣọ ta lẹ yá wọ̀ yẹn? Ó mà tóbi jù yín lọ o!"

Ó sì mọ̀ dájú pé awọ ni, olórí burúkú. Ojú ti Ìyá Erin. Ó pẹ̀yìn dà, ó gba ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà lọ. Ẹ̀gà ni télọ̀ gbogbo ẹranko. Ẹ wo ilé rẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀?

"Bá mi rán nǹkan tó máa bo gbogbo ìhunjọ yìí," ni Ìyá Erin wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Láti kékeré ni lílúwẹ̀ẹ́ ti ń wù mí. Ẹsẹ̀ ò gbà. Nísinsìnyí tí ẹsẹ̀ gbà, ojú ò wá gbà."

"Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá mi," ni Ẹ̀gà wí. "Ẹ na apá."

Ó wọ̀n ọ́n síwá, ó wọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ tó rán há jù. Awọ ń yọ lókè, ó ń yọ nísàlẹ̀. Ó tú u. Ìkejì fẹ̀ jù. Atẹ́gùn kó sínú rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí Ìyá Erin fò lọ. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹkún ló ń sun o! Ìkẹta, Ẹ̀gà mú aṣọ dúdú tó nípọn, ó ṣẹ́ ẹ léraléra níkùn, ó wá fi ọ̀já gbòòrò gbà á láti ìhà dé ìdí. Gbogbo awọ wọlé, ó dúró. Ìyá Erin wo ara rẹ̀ nínú omi. Ó tún wò ó.

Ó ní, "Ṣé èmi rèé?"

Alángbá lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pẹ, ó ń wò ó. Háà, owú! Owú gbá a láyà, ó ń ta á lára bí ata. "Erin? Erin tí mo fi ṣẹlẹ́yà níjẹta ló máa gba àpáta mi?" Bó bá lajú, aṣọ Erin ló ń rí. Bó bá dijú, aṣọ Erin náà ni. Oyèyọyin, gbé ojú kúrò lára bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ, mò ń rí ẹ o.

Nígbà tí ọjọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ku ọ̀la, Alángbá yọ́ gun ibi tí Ẹ̀gà sá aṣọ náà sí. Ó fi eyín gé òwú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣẹ́ku ẹyọ kan péré. Ó ní, "Ká dé àárín odò ná. Gbogbo wa la jọ máa wo ohun tó wà lábẹ́."

Ilẹ̀ mọ́. Alángbá sán bàǹtẹ́ pupa, ó ti ṣáájú jókòó sórí àpáta. Ìyá Erin dé. Àwọn ẹranko dá orin. Ẹ bá mi gbè é o:

Ìyá Erin ń wọdò o,
*Rọra o, odò jìn.*
Ẹsẹ̀ tó ń ro tẹ́lẹ̀ rí,
*Rọra o, odò jìn.*
Ó ti gbé e dénú omi,
*Rọra o, odò jìn.*
Ẹ yà fún un kó kọjá o,
*Rọra o, odò jìn.*

Ó dé àárín odò. Òwú já. Fàà! Aṣọ bá omi lọ.

Alángbá ti la ẹnu, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Erin fẹ́ sá, àmọ́ omi ti gbé awọ rẹ̀. Awọ tó ń rọ̀ nílẹ̀, omi gbé e sókè, ó tẹ́ ẹ yí i ká, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó na èkejì. Àṣé lílúwẹ̀ẹ́ dùn báyìí! Ó gbàgbé pé òun wọ aṣọ wá rárá.

Ìgalà ló kígbe: "Ẹ gbà mí o! Ó wọ òmíràn sábẹ́!"

Ariwo sọ. Wọ́n kọrin sìn ín gorí àpáta. Wọ́n ní, "Alángbá, sún kúrò níbẹ̀."

Ẹ wo bí inú ṣe ń bí i! Òun fúnra rẹ̀ ló gé aṣọ o, èyí tó wà lábẹ́ wá tún dára ju ti òkè lọ. Ó rá pálá lọ bá a.

"Ìyá Erin, ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, ti abẹ́ yẹn, ta ló rán an?"

Ìyá Erin wò ó. Ó rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí? Ebi ló rán an."

"Ebi? Mi ò gbọ́ orúkọ télọ̀ yẹn rí. Níbo ló ń gbé?"

"Ìwọ má ṣáà jẹun. Yóò wá ọ wálé."

Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ti lóye. Àmọ́ owú ti di Alángbá létí. Ó wọ ihò lọ, ó kọ oúnjẹ. Èèrà ń gba iwájú ẹnu rẹ̀ kọjá, kò wò ó. Wọ́n ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ti eléyìí, àwa mọ̀ ọ́n. Ó ń kọrin, ẹ gbè é:

Ebi o, télọ̀ Ìyá Erin,
*Rán an kó bá mi mu.*
Mo ti ṣílẹ̀kùn dè ọ́ o,
*Rán an kó bá mi mu.*
Má rán an ní pẹ́ńpẹ́ o,
*Rán an kó bá mi mu.*
Kó ju ti Erin lọ fíìfíì,
*Rán an kó bá mi mu.*

Ebi dé lóòótọ́. Ó rán an. Ọ̀rá Alángbá tán, awọ tú sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọ́ jọ sábẹ́ ọrùn. Ó fọwọ́ kàn án, ó rọ̀. Inú rẹ̀ dùn! Ó sáré dódò, ó bẹ́ sómi níṣojú gbogbo wọn. Omi rọ́ kún inú awọ ọrùn, ó fà á lórí wálẹ̀, gbùlù gbùlù gbùlù. Ó ti ń kú lọ. Ìyá Erin ló na imú gígùn, ó fà á yọ, ó gbé e sórí ilẹ̀.

"Alángbá," ni ó wí, kò tilẹ̀ bínú, "ta ló rán ọ?"

Alángbá pọ omi. Ó wo àpáta. Ó wo gbogbo wọn. Ó ní, "Owú ni, Ìyá mi. Owú ló rán mi."

Ẹ̀gà sọ láti orí ọ̀pẹ: "Kì í ṣe òwú tèmi o! Tèmi, ìwọ lo fi eyín gé e!"

Láti ọjọ́ náà ni Alángbá kì í ti í wọdò mọ́. Ara ògiri ló ń gbé. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń mi orí, tẹ́ ẹ ní ó ń kí yín, kò kí ẹnì kankan o. Ó ń yọjú wo abẹ́ ọrùn rẹ̀ ni, bóyá awọ yẹn ti sún kì.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí awọ ọrùn tèmi náà rọ̀...

Kí lẹ̀ ń wò? Oyèyọyin, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ti ọrùn tèmi, ọjọ́ orí ló rán an.