Igbe Tí Wọ́n Pè Ní Èébú

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ òwe yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn àgbà ń wí. Bó bá jẹ́ aṣọ ni, ẹni tí kò ní lè yá ti aládùúgbò wọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Irú ẹ̀ṣọ́ wo wá ni èyí tí a kò lè yá lójú ọ̀nà, tó jẹ́ pé bí a kò bá gbé e kúrò nílé, ìhòòhò la máa dé ibi tí à ń lọ? Ẹ bi ará Òkè-Ìsìn wò. Ọ̀rọ̀ Sakéù agbẹ́kànga ni wọ́n máa sọ fún yín.

Sakéù, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògúnmọ́dẹdé, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ́. Ọ̀ṣúntókun, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló ń fa okùn fún un lókè. Àna ẹni nìyẹn, ẹni tó yẹ kéèyàn máa bọ̀wọ̀ fún. Síbẹ̀, bí garawa bá ti pẹ́ díẹ̀, Sakéù a ti ìsàlẹ̀ kànga bú ìyá tó bí i, a sì dárúkọ ohun tí ọmọlúàbí kì í dárúkọ. Ọ̀ṣúntókun kì í fèsì. Ó ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń di etí sí i.

Ohun tí Ọ̀ṣúntókun kò mọ̀ ni pé ẹ̀rù ń ba Sakéù. Kànga ló pa bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ ya lé e lórí, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Láti ìgbà náà, bí ẹsẹ̀ Sakéù bá ti kúrò létí kànga, tí ojú ọ̀run di róbótó lókè orí rẹ̀, àyà rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Èébú ló fi ń bo ìró àyà náà mọ́lẹ̀. Ìbíwùmí ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, torí òun ló ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ń ké lójú oorun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni ọ̀tọ̀ ni. A ka Àdúrà Olúwa láìṣi ọ̀rọ̀ kan, a máa pe àwọn obìnrin ìjọ ní "ẹ̀yin ìyá mi". Nígbà tí ìjọ wá ní kó gbẹ́ kànga sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Ìsákì Adébóyèjọ, olùkọ́ ìjọ, gbọ́ ohun tó ń ti ìsàlẹ̀ jáde. Ó dúró títí Sakéù fi gòkè.

"Bàbá Dèbórà, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

Sakéù nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀. "Olùkọ́, ẹ má bínú. Ẹnu iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ta ló wá pín ẹnu yín sí méjì?"

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Nílùú ìyá mi, àwàdà ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Níbí, ẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ta ló gbé òṣùwọ̀n lé yín lọ́wọ́?"

Olùkọ́ yíjú. Ó wo Ọ̀ṣúntókun tó ń ká okùn. "Ẹgbẹ́ yín a máa rẹ́rìn-ín bí ẹ bá sọ ọ́. Ṣé ẹni yìí náà ń rẹ́rìn-ín?"

Sakéù bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹrẹ̀ kúrò lára dígà rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo ni òṣùwọ̀n náà, ìlú ìyá yín kọ́ ló sì ni ín. Ẹni tó dá Ọ̀ṣúntókun ní àwòrán ara rẹ̀ ló ni ín. Ohunkóhun tí ẹ bá pè é, etí Ẹni náà ló ń bọ́ sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ba Sakéù lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rín bò ó. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rere dà bí agbádá: ọjọ́ tí à ń lọ síbi pàtàkì là ń gbé e wọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sakéù wọ kànga ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó sì rí i pé ara ògiri rẹ̀ ń sun omi. Ó yẹ kó gòkè padà. Ojú tì í láti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ló bá bú Ọ̀ṣúntókun pé kó sọ garawa sílẹ̀, ó sì ki dígà mọ́lẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ilẹ̀ ya. Kò pariwo, ó kàn ń ṣàn sílẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni ń da èlùbọ́ sínú igbá. Kí Sakéù tó yí padà, ó ti bo orúnkún rẹ̀, ó ti bo ìbàdí rẹ̀, ó sì fún un mọ́ ògiri dé igbá àyà. Okùn ń fì lókè, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Iyanrìn tún ń dà.

Ó fẹ́ ké pé, "Ẹ gbà mí." Ó la ẹnu, èyí tó jáde ni orúkọ ìyá Ọ̀ṣúntókun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó máa ń so mọ́ ọn. Ó tún gbìyànjú. Èébú mìíràn ló bọ́ síta. Ó ní kí òun ké pe Ọlọ́run, àmọ́ àdúrà tó ti ń kà láti ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ti fò lọ, kò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ìyẹn ju ẹ̀rù ilẹ̀ lọ. Ó rò ó pé báyìí ni òun yóò ṣe kú, pé ọ̀rọ̀ rírùn yìí ni yóò wà lẹ́nu òun nígbà tí òun bá dé iwájú Ẹlẹ́dàá. Bí ẹ̀rù ṣe ń pọ̀ sí i ni èébú ń pọ̀ sí i.

Lókè, Ọ̀ṣúntókun gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń jẹ iṣu sísun. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ẹ bú mi tán. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ ó dákẹ́."

Ìbíwùmí gbé oúnjẹ ọ̀sán dé. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dúró lójijì, ó sì gbé igbá sílẹ̀.

"Kí ló ń ṣe Bàbá Dèbórà?"

"Kí ni ì bá máa ṣe wọ́n? Èmi ni wọ́n ń bú."

"Ọ̀ṣúntókun, dìde. Ohùn tí mò ń gbọ́ lójú oorun wọn nìyẹn. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe èébú."

Ọ̀ṣúntókun bẹ inú kànga wò. Orí àti apá kan ló rí. Ká ní ó dúró lókè títí àwọn ará ìjọ fi dé, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Ó so okùn mọ́ ìdí igi, ó sì sọ̀kalẹ̀, nígbà tí Ìbíwùmí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ké pe gbogbo àdúgbò.

Ọwọ́ lásán ló fi ń wa iyanrìn náà. Sakéù sì ń bú u lọ, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò lè dá a dúró.

"Mo gbọ́ yín," ni Ọ̀ṣúntókun ń sọ. "Mo gbọ́. Ẹ gbé apá yín sókè."

Àwọn ènìyàn dé, wọ́n fa àwọn méjèèjì jáde. Wọn kò tíì jìnnà sí etí kànga nígbà tí ibi tí Sakéù dúró sí di iyanrìn pátápátá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Nígbà tí olùkọ́ wá kí i nílé, Sakéù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Olùkọ́, mo wá àdúrà, n kò rí i. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lọ́jọ́ Ìsinmi."

Ìbíwùmí tó ń di ẹsẹ̀ náà ló dáhùn.

"Bàbá Dèbórà, níbo lẹ fẹ́ ti rí i? Ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa ń fi í sílẹ̀ sí. Kò bá yín wọlé yìí rí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá ní i nílé, ibi tí ẹ̀rù bá ká a mọ́, ìhòòhò ló máa bá a níbẹ̀."

Sakéù fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n pe Ọ̀ṣúntókun wọlé. Òógùn bo Sakéù bí ìgbà tó bá ń wọ kànga. Ó ń bẹ̀rù ohun tó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Àna mi," ló sọ nígbẹ̀yìn, "ẹ jókòó. Ẹ ṣeun."

Kò pe Ọ̀ṣúntókun ní "ẹ" rí. Ọ̀ṣúntókun bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí Sakéù ń bá sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Òkè-Ìsìn, bí ìyá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, kì í dúró dìgbà tí àlejò bá dé kó tó tún un ṣe. Ìyá a ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ náà kì í sì í wo aṣọ ara rẹ̀, ẹnu ló ń fọwọ́ bò.